Orí Keje: Gbèsè Owó Ilé àti Kúìtì Nótíìsì

Bí ayálégbé bá jẹ owó ilé ní Kétu tàbí Mile 12, kóòtù kọ́ ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń rí. Kiatékà ni yóò wá kan ilẹ̀kùn ní ìdájí. Bí ìyẹn ò bá mú owó jáde, wọn a gé wáyà iná rẹ̀, wọn a fi àgádágodo kejì há ilẹ̀kùn mọ́ ọn nígbà tó bá wà lọ́jà, tàbí kí onílé ní òun fẹ́ tún òrùlé ṣe, kó sì ká páànù kúrò lórí yàrá kan ṣoṣo, ìyẹn yàrá ẹni tó jẹ gbèsè. Àwọn mìíràn a lọ pe ọlọ́pàá. Ẹni tó bá dàgbà sí àdúgbò wọ̀nyí ti rí irú rẹ̀ rí, débi pé ọ̀pọ̀ ló gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn: ẹni tó jẹ owó ilé kò lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé ọ̀tọ̀ ni gbèsè owó ilé, ọ̀tọ̀ ni lílé ènìyàn jáde nílé. Gbèsè wà, onílé sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á dé kọ́bọ̀ ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n kò sí onílé, kiatékà, lọ́yà tàbí ọlọ́pàá tó lágbára láti dá kó ẹrù ayálégbé síta. Kóòtù nìkan ló ni agbára yẹn, kóòtù pàápàá kì í sì í lò ó kí onílé tó fún ayálégbé ní ìwé tó yẹ, fún iye àkókò tó yẹ. Iye àkókò yìí ni onílé àti ayálégbé máa ń ṣì kà, nítorí náà ibẹ̀ la ó ti pẹ́ jù lọ.

Òfin tó wà nílẹ̀

Òfin tí orí yìí dúró lé ni Òfin Ayálégbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí Gómìnà Babatunde Raji Fashola fọwọ́ sí ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Kì í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Láti ọdún 1945 ni ìjọba amúnisìn ti ní òfin lórí bí onílé ṣe lè gba ilé rẹ̀ padà. Ní ọdún 1997, nígbà tí Buba Marwa jẹ́ gómìnà ológun, ìjọba Èkó ṣe òfin mìíràn tó fi iye sí owó yàrá ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Iye yẹn wà nínú ìwé. Iye tó wu onílé ló ń gbà. Òfin 2011 kò bá wọn fi iye sí owó ilé mọ́. Ohun tó gbájú mọ́ ni ìwé tí onílé gbọ́dọ̀ fúnni, àkókò tó gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀, àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe.

Kò dé gbogbo Èkó. Ó yọ Apapa, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀, ó sì tún yọ àwọn ilé kan sílẹ̀, bí ilé tí ilé ẹ̀kọ́ fi ń gba òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sí. Àwọn kan ń bínú pé àdúgbò olówó ni wọ́n yọ, wọn ò sì jẹ̀bi. Ní tiwa ní ìjọba ìbílẹ̀ Kosofe, ọ̀rọ̀ náà kò díjú rárá: Ọ̀jọ́tà, Kétu, Alápẹrẹ, Ìkòsí, Mile 12, Agboyi, Ògùdù dé Oworonṣòkí, gbogbo rẹ̀ ló wà lábẹ́ òfin yìí, ilé gbígbé àti ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú.

Ní ọdún 2025, àbá òfin tuntun kan dé iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó, tó fẹ́ rọ́pò òfin 2011, tó sì fẹ́ kí owó ejẹ́ǹtì má ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé lọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fojú sí ibi tí ìyẹn bá já sí.

Báwo lo ṣe ń san owó?

Adájọ́ tó bá fẹ́ mọ iye àkókò tó tọ́ sí ayálégbé kì í fi ọdún tó ti lò nínú ilé ṣe òṣùwọ̀n. Bó ṣe ń san owó ló ń wò. Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin alátà kan wà ní Agílítì lẹ́bàá Mile 12, tó ti gbé yàrá kan nínú ilé face-me-I-face-you fún ọdún mẹ́rìnlá. Ibẹ̀ ló bí ọmọ rẹ̀ mẹ́ta sí. Oṣooṣù ló ń san owó. Ẹ tún jẹ́ ká sọ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan kó wọ self-contain ní Ìkòsí lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó san owó ọdún kan. Bí kò bá sí ohun mìíràn nínú àdéhùn wọn, oṣù kan péré ni kúìtì (ìwé pé kí ayálégbé jáde) tó tọ́ sí obìnrin yẹn, oṣù mẹ́fà sì ni ti ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì mọ orúkọ ará ilé kejì. Ó dun ni, ṣùgbọ́n bí òfin ṣe wí nìyẹn.

Bí òfin ṣe ka iye àkókò náà nìyí. Ayálégbé tó ń san owó lóṣooṣù, oṣù kan. Ẹni tó ń san ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, oṣù mẹ́ta. Ẹni tó ń san ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, oṣù mẹ́ta náà ni. Ẹni tó ń san lọ́dọọdún, oṣù mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ kan ni ti ẹni tó ń gbé ilé nípa ìfẹ́ inú onílé lásán, bí àpẹẹrẹ, ẹni tí àkókò tó san owó fún ti parí, tí onílé sì ní kó ṣì máa gbé ibẹ̀ ná bí wọ́n ṣe ń dúnàádúrà, láì dá oṣù kankan.

Ayálégbé tí kò ní àgíríméǹtì kankan ní ìwé ńkọ́? Òun náà ní ẹ̀tọ́. Òfin ka àdéhùn ẹnu sí àdéhùn, ó sì ka èyí tí apá kan rẹ̀ wà nínú ìwé tí apá kejì wà lẹ́nu sí i bákan náà. Bí ẹ̀rí mìíràn ò bá sí, ìgbà tí owó ń wọlé tàbí ìgbà tí onílé ń béèrè rẹ̀ ni kóòtù yóò fi mọ irú ayálégbé tí ènìyàn jẹ́. Nítorí náà, rísíìtì ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Òfin pa á láṣẹ pé kí onílé fún ayálégbé ní rísíìtì fún gbogbo owó ilé tó bá gbà, kí déètì, orúkọ onílé àti ti ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye owó àti àkókò tí owó náà wà fún sì hàn lórí rẹ̀. Owó ìtanràn ₦10,000 ló wà fún onílé tó bá kọ̀. Ẹni tó ń fi fóònù san owó, kó máa kọ oṣù tó ń san fún síbi àlàyé, kó má kàn kọ «owó ilé».

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ fò: iye àkókò tí a kà sókè yìí wà fún ìgbà tí onílé àti ayálégbé kò bá tíì fẹnu kò sí òmíràn. Bí àgíríméǹtì tí o fọwọ́ sí bá sọ pé oṣù kan ni kúìtì, tí o sì ń san owó lọ́dọọdún, oṣù kan yẹn ló ṣeé ṣe kó dè ọ́. Ejẹ́ǹtì máa ń sáré ṣí ojú ìwé tó kẹ́yìn fún ènìyàn pé kó fọwọ́ síbí. Ojú ìwé tó ṣáájú rẹ̀ ni kí o kà.

Kíka ọjọ́

Iye oṣù nìkan kò tó. Ibi tí oṣù náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí ṣe kókó. Ká mú alátà Agílítì wa. Oṣù tirẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Onílé fún un ní ìwé ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta, ó sì kọ ọ́ pé kó jáde ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin. Ìwé yẹn kò dúró. Ayálégbé olóṣooṣù gbọ́dọ̀ rí oṣù kan gbáko, tó bẹ̀rẹ̀ níbi tí oṣù rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀: láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹrin títí di ọjọ́ 30. Ọjọ́ tó ṣẹ́kù nínú oṣù Kẹta kò sí nínú ìṣirò.

Fún ẹni tó ń san lọ́dọọdún, òfin 2011 yí ohun kan padà. Tẹ́lẹ̀, kúìtì ayálégbé ọlọ́dọọdún gbọ́dọ̀ parí ní ọjọ́ gan-an tí ọdún rẹ̀ ń pé. Onílé tó bá gbàgbé ọjọ́ yẹn a dúró de ọdún mìíràn. Nísinsìnyí, ìwé náà lè parí ní ọjọ́ tí ọdún pé tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Kò kàn gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀ ni. Ká ní owó ọ̀dọ́mọkùnrin Ìkòsí wa jẹ́ láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní sí ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Bí onílé bá fún un ní ìwé oṣù mẹ́fà ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta, tó ní kó jáde ní ìparí oṣù Kẹjọ, asán ni, nítorí owó tó ti san kò tíì tán. Bó bá fún un ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje, ó bọ́ sójú ẹ̀. Bó bá sì jẹ́ àárín oṣù Kẹsàn-án ló fún un, àárín oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e ni yóò parí, ìyẹn náà sì dára lójú òfin. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yóò kàn san owó oṣù tó fi kọjá oṣù Kejìlá.

Nígbà tí gbèsè bá ti ga

Títí dé ibí yìí, a kò tíì sọ pé ayálégbé jẹ owó. Kò sì sí ohun tó yí padà nínú ìṣirò òkè yìí nítorí pé ó jẹ oṣù kan tàbí méjì. Onílé tó bá sọ pé «nígbà tó ò sanwó, mi ò fún ẹ ní kúìtì» ti ṣi òfin mú.

Àmọ́ gbèsè ní ibi tó lè ga dé. Bí ayálégbé olóṣooṣù bá jẹ owó oṣù mẹ́fà, òfin sọ pé àdéhùn ilé gbígbé rẹ̀ ti parí fúnra rẹ̀. Fún ẹni tó ń san ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tàbí oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, owó ọdún kan ni gbèsè rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé. Nígbà náà, onílé kò nílò kúìtì mọ́. Yóò mú ẹ̀rí gbèsè lọ sí kóòtù, bí ẹ̀rí bá sì dájú, kóòtù yóò pàṣẹ kó gba ilé rẹ̀ padà pẹ̀lú gbogbo owó tó wà nílẹ̀. Lọ́yà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì máa ń fi ìwé ọjọ́ méje, tí a ó sọ nípa rẹ̀ láìpẹ́, ránṣẹ́ kó tó gba kóòtù lọ.

Kò sí irú ìlà bẹ́ẹ̀ fún ayálégbé ọlọ́dọọdún. Bí kò bá san owó ọdún tuntun, tí àdéhùn wọn kò sì sọ ohun mìíràn, kúìtì oṣù mẹ́fà ṣì ni. Èyí kò túmọ̀ sí pé ó jẹ́ ọ̀fẹ́. Gbèsè owó ilé wà lára ìdí tí kóòtù lè fi gba ilé fún onílé, owó gbogbo oṣù tó bá sì fi jókòó títí dé ọjọ́ tó kó jáde ni kóòtù yóò ní kó san.

Ọ̀rọ̀ omíyalé wọ ibí yìí, torí ó ń dá ìjà sílẹ̀ lọ́dọọdún lágbègbè wa. Bí Odò Ògùn bá kún, pàápàá nígbà tí wọ́n bá tú omi ìdídò Ọyán sílẹ̀, omi a wọ Agílítì, Agboyi àti apá kan Alápẹrẹ. Ayálégbé a fi owó ilé tún ilẹ̀ rọ́, a ra ilẹ̀kùn, a sì wí fún onílé pé «owó ilé ọdún yìí wà lára ilé yín». Ojúṣe onílé ni láti tún ìta ilé àti ibi tí gbogbo ará ilé jọ ń lò ṣe, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ayálégbé tó lè gba owó padà lórí àtúnṣe tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sí ilé, ó gbọ́dọ̀ ti gba ìyọ̀ǹda onílé ní ìwé. Láìsí ìwé yẹn, gbèsè ni kóòtù yóò pè é. Àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù tí onílé fi dáhùn pé «ó dáa, ṣe é, a ó yọ ọ́» sàn ju ẹlẹ́rìí mẹ́wàá tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ lọ.

Àgíríméǹtì tó ní ọjọ́ ìparí

Ẹ fara balẹ̀ ka ìpín yìí. Bí àgíríméǹtì bá dá ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí, ká ní láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì ọdún 2024 sí ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, tí kò sì sọ pé yóò máa tún ara rẹ̀ ṣe lọ́dọọdún, àdéhùn náà kú fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 31 yẹn. Onílé kò jẹ ayálégbé ní kúìtì kankan. Ìwé ọjọ́ méje péré ló kù kó gbé fún un kó tó gba kóòtù lọ. Ọ̀pọ̀ ayálégbé a ti fọkàn balẹ̀ pé «ọdọọdún ni mo ń sanwó, oṣù mẹ́fà ni tèmi», láì mọ̀ pé ìwé tí àwọn fọwọ́ sí ti mú oṣù mẹ́fà náà lọ. Lójú tèmi, nínú gbogbo òfin yìí, ibí ló ti ń pa ayálégbé lára jù, nítorí kò sí ariwo níbẹ̀: lọ́yà onílé kọ déètì méjì, ó parí.

Ìwé ọjọ́ méje, àti bí ìwé ṣe ń dé ọwọ́

Lẹ́yìn tí kúìtì bá ti parí tí ayálégbé ò sì jáde, ìwé kejì ló kàn. Ọjọ́ méje ló ní. Wọ́n máa ń kà á bí ẹni pé ó ní kí ènìyàn kó ẹrù rẹ̀ kúrò kí ọjọ́ keje tó pé, onílé mìíràn á sì kó àwọn ọmọ àdúgbò dání lọ́jọ́ kẹjọ. Ohun tí ìwé náà ń sọ kò ju pé lẹ́yìn ọjọ́ méje, òun onílé ń lọ sí kóòtù láti béèrè ilé òun. Ayálégbé tó bá gbà á kò gbọ́dọ̀ sá, kò sì gbọ́dọ̀ sùn. Àkókò tó yẹ kó wá lọ́yà nìyẹn, tàbí kó wá onílé lọ kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀.

Onílé fúnra rẹ̀ lè fọwọ́ sí ìwé wọ̀nyí. Bó bá jẹ́ lọ́yà tàbí ejẹ́ǹtì, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti ọwọ́ onílé kó tó kọ ọ́. Ìwé lè dé ọwọ́ ayálégbé fúnra rẹ̀, tàbí ọwọ́ àgbàlagbà kan tó ń gbé inú ilé náà. Bí wọn ò bá rí i, wọ́n lè fi kúríà gbé e wá, tàbí kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó hàn gbangba lára ilé, kí wọ́n sì ní ẹ̀rí pé àwọn ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe máa ń ya fọ́tò rẹ̀. Ìwé tí a fi lé ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́ kò tíì dé.

Ní kóòtù

Kóòtù Májísíréètì tàbí Ilé Ẹjọ́ Gíga ni ẹjọ́ ilé ń lọ. Òfin ní kí adájọ́ kọ́kọ́ gbìyànjú kí wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí, ó sì lè ní kí wọ́n lọ sí Citizens Mediation Centre. Ilé iṣẹ́ yìí jẹ́ ti ìjọba Èkó, ó ti wà láti ọdún 1999, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹnikẹ́ni lè gbé ọ̀rọ̀ lọ síbẹ̀ láì dé kóòtù rárá, ohun tí mo sì gba ayálégbé Kosofe tó jẹ gbèsè nímọ̀ràn láti ṣe nìyẹn kí kúìtì tó parí: kí ó lọ jókòó, kí ó gbà pé òun jẹ owó, kí wọ́n jọ kọ iye tí yóò máa san lóṣù sílẹ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká lọ́yà lè lọ bá Office of the Public Defender, tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 2000 láti máa gbẹjọ́ rò fún mẹ̀kúnnù láì gba kọ́bọ̀.

Bí ìlàjà bá kùnà, tí adájọ́ sì dájọ́ fún onílé, òṣìṣẹ́ kóòtù ni yóò wá mú ìdájọ́ ṣẹ. Ọjọ́ yẹn nìkan ni ẹrù lè jáde síta láì jẹ́ pé ẹnì kan rú òfin.

Kí ayálégbé má sì rò pé kúìtì tó ní àléébù yóò gba òun títí ayé. Ẹjọ́ kan tó ń jẹ́ Pillars Nigeria Limited àti Desbordes dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ lórílẹ̀-èdè yìí. Ọdún 1993 ni onílé ti pe ẹjọ́ láti gba ilé rẹ̀, kóòtù àkọ́kọ́ dá a láre ní ọdún 2000, síbẹ̀ ayálégbé ń pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí àléébù inú kúìtì. Oṣù Kejì ọdún 2021 ni ọ̀rọ̀ tó tán. Adájọ́ Helen Ogunwumiju sọ níbẹ̀ pé ká tiẹ̀ ní kúìtì kò pé, ìwé ìpẹ̀jọ́ tó dé ọwọ́ ayálégbé láti ọdún 1993 ti tó nótíìsì. Ọ̀pọ̀ onílé Kétu jẹ́ òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tàbí opó tó ń fi owó yàrá mẹ́rin jẹun. Ogún ọdún ní kóòtù kì í ṣe ìdájọ́ òdodo fún irú wọn. Ìdájọ́ 2021 yẹn tọ̀nà. Ohun tí kò ṣe ni pé kò fún onílé kankan láṣẹ láti fò kóòtù kọjá.

Ohun tí onílé kò gbọ́dọ̀ ṣe

Ẹ̀ṣẹ̀ ni, lábẹ́ abala 44 òfin 2011, láti wó ilé tàbí yí i padà nítorí kí ayálégbé lè jáde láìsí àṣẹ kóòtù, láti lé e jáde tipátipá tàbí gbìyànjú rẹ̀, àti láti halẹ̀ mọ́ ọn tàbí fi ọ̀rọ̀ àti ìwà yọ ọ́ lẹ́nu kó lè kó lọ. Páànù tí wọ́n ká, ìyẹn wà níbẹ̀. Owó ìtanràn tó lè dé ₦250,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tó lè dé oṣù mẹ́fà ni ìjìyà rẹ̀. Onílé kò gbọ́dọ̀ gé iná tàbí omi tí gbogbo ilé jọ ń lò, kò sì gbọ́dọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù ayálégbé. Alágbàfọ̀ tó jẹ owó ṣọ́ọ̀bù ní Ìkòsí, onílé rẹ̀ kò lè mú ẹ̀rọ ìlọṣọ rẹ̀ dúró fún owó ilé láìsí kóòtù.

Ní ti ọlọ́pàá, Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 sọ ọ́ kedere pé a kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn nítorí ọ̀rọ̀ gbèsè tàbí àdéhùn tí kò mú ṣẹ lásán. Gbèsè owó ilé kì í ṣe olè. Bí ọlọ́pàá bá wá, kí ayálégbé fi sùúrù béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kà sí òun lọ́rùn, kó sì pe ẹnì kan tó mọ òfin.

Kí ayálégbé náà rántí pé òfin kan náà ní kí òun san owó lásìkò, kí òun tọ́jú ilé, kí òun má sì fún ẹlòmíràn gbé láìsí ìyọ̀ǹda onílé ní ìwé. Ní ti owó àsansílẹ̀, onílé kò gbọ́dọ̀ gbà ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọlé. Lọ́wọ́ ẹni tó ti wà nílé, kò gbọ́dọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ bó bá jẹ́ olóṣooṣù, tàbí ọdún kan bó bá jẹ́ ọlọ́dọọdún. Ẹni tó gbà á àti ẹni tó fún un ni òfin mú: ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Gbogbo wa la mọ̀ pé ejẹ́ǹtì ṣì ń béèrè ọdún méjì. Nítorí pé ẹni tó san án náà jẹ̀bi, tani yóò lọ fẹjọ́ sùn?

Ní ilẹ̀ mìíràn

Irú ìṣòro yìí wà ní Ghana. Òfin wọn ti ọdún 1963 kò gbà kí onílé béèrè ju owó oṣù mẹ́fà lọ ṣíwájú, síbẹ̀ ọdún méjì ni onílé ń béèrè ní Accra. Ní England, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń gbé ilé ayágbé, Renters' Rights Act ti ọdún 2025 fòpin sí agbára onílé láti lé ayálégbé láì sọ ìdí. Ó tún gbé gbèsè tí kóòtù fi gbọ́dọ̀ gba ilé fún onílé láti oṣù méjì lọ sí mẹ́ta, ó sì sọ nótíìsì rẹ̀ di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin dípò méjì. Ẹ wò ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn kéré sí oṣù mẹ́fà tí òfin Èkó fún ayálégbé ọlọ́dọọdún. Nínú ìwé, òfin wa kò rọ̀. Ní Kosofe, ẹni tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Télọ̀ kan ní Kétu ń san owó ṣọ́ọ̀bù ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ó ti jẹ owó oṣù mẹ́sàn-án. Ṣé àdéhùn rẹ̀ ti parí fúnra rẹ̀? Sọ ìdí tí o fi dáhùn bẹ́ẹ̀.

2. Ayálégbé olóṣooṣù kan, tí oṣù rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15, gba kúìtì ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ wo ló yá jù tí kúìtì náà lè parí?

3. Wá àgíríméǹtì ilé kan nílé yín tàbí lọ́dọ̀ ẹbí. Bo orúkọ àti àdírẹ́sì inú rẹ̀. Ṣé ó ní ọjọ́ ìparí? Kí ló sọ nípa kúìtì? Kọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tó sọ àti iye àkókò tí òfin 2011 dá, kí o sì ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó fọwọ́ sí i kí o tó mú iṣẹ́ rẹ wá sí kíláàsì.